Páànù Méjì Lódì Kejì Òkè

Ẹ má bi mí léèrè ibi tí ẹ̀yìn òkè wà o. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí nílùú Ìwó, mo sì lè fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè sójú bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ tó jókòó níwájú fẹ́ẹ̀ sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó gbà pé ẹ̀yìn òkè lòun ń gbé. Ẹ lọ sí abúlé yòówù tó wà nídìí àwọn òkè wa wọ̀nyí, wọ́n á ní iwájú làwọn wà, àwọn tó wà lódì kejì ni ará ẹ̀yìn òkè. Bí ẹ bá sì kọjá sí òdì kejì náà, wọ́n á fọwọ́ júwe ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Wọ́n á tún fi yín rẹ́rìn-ín.

Àwọn òkè náà kò ga tó èyí tí wọ́n ń yà sínú ìwé. Kò sí yìnyín lórí wọn, kò sì sí òyìnbó kankan tó ń tìtorí wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà kúrò ní Ìwó, tí ẹ gba Olúpọ̀nnà kọjá, tí ẹ yà kúrò lójú títì kí ẹ tó dé Ilé-Ogbó, ẹ ó rí wọn lókèèrè, tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí ìyá àgbà tó ń kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ìsìn. Èyí tó tóbi jù, Yèyé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn tó kù ni Àwọn Ọmọ. Orí Yèyé pá, àpáta dúdú ni, ó máa ń dán lẹ́yìn òjò. Igbó díẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn èyí ni oko kòkó, lẹ́yìn èyí ni oko ẹ̀gẹ́, kí ẹ tó wá kan ilé àwọn ènìyàn.

Yèyé tóbi débi pé kò jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì kọjá sí òdì kejì. Bí ẹ bá pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀, obìnrin tó ń gbé inú fóònù ni yóò dá yín lóhùn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó á gun òkè lọ sórí àpáta pẹrẹsẹ kan tó wà ní èjìká Yèyé. Àpáta yìí kan náà ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń gbàdúrà. Onítẹ̀bọmi lọ̀pọ̀ wọn, onítẹ̀bọmi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo nínú ilé ìsìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dé orí àpáta yẹn kí ẹ wá wo nǹkan. Ẹ ó bá ẹnì kan tó ń lọgun pé kí Olúwa gbọ́ òun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń lọgun pé ṣé wọ́n ń gbọ́ òun. Ìyá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù nígbà kan pé kó má gbàgbé oògùn jẹ̀díjẹ̀dí òun, gbogbo àwọn tó ń gbàdúrà sì ṣe àmín tó mi ilẹ̀.

Oníṣẹ́ iná ni ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó wá tún iná kíláàsì wa ṣe, kò tètè parí rẹ̀, èmi náà kò sì gbàdúrà kó tètè parí. Ó kúrú, ó dúdú, ó máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, kì í sì í fi ẹ̀wà ṣeré rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ mi. Wọn kò tíì fojú kàn mí rí o. Wọ́n kàn gbọ́ pé ọmọ inú Ìwó ni mí, pé mò ń kun èékánná, pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa ya òkè tí n kò gùn rí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn? Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pé ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ìyàwó tó ń wí yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí àwọn, kí ọmọ àwọn má bá a wá, kó má fà á lọ́wọ́. Bí agogo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń lù fún ẹgbẹ́ akọrin bá fi dún tí àwọn kò rí i, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá bá àwọn sọ ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọkùnrin yìí kì í sì í kọjá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí n kò bá dé ibẹ̀ kí agogo tó dún, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, inú sì bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ìyá tó bí mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rojọ́ fún wọn. Wọ́n ní ṣé mo rò pé wọ́n ń pín ọkọ lófẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n wá gbà mí nímọ̀ràn: kí n tètè kúnlẹ̀, kí n má fi ẹnu mi pe ọmọ wọn lórúkọ, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, iṣẹ́ yòówù tí mo bá bá lọ́wọ́ wọn, kí n gbà á, kí n má wulẹ̀ máa rojọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. Òun gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí Sátidé pé, mo ra búrẹ́dì ńlá lọ́wọ́ bí àlejò tó mọ ohun tó ń ṣe, mo wọ bàtà tí mo rò pé ó le, mo sì ṣí máàpù orí fóònù mi. Àwọ̀ ewé lásán ló fi hàn mí, bí ẹni pé kò sí ọmọ ènìyàn kankan níbi tí mò ń lọ. Ọlọ́kadà gbé mi dé ìdí òkè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ibi tí agbára tòun mọ nìyẹn, ìyókù dọwọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gùn ún. Àpáta gbóná, bàtà ń yọ̀, àyà mi ń lù kìkìkì. Gbogbo ìlà tí mo ti ń yà yí òkè ká lójú bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé orúnkún ló ń dunni sí.

Nígbà tí mo dé orí àpáta pẹrẹsẹ, mo pe ọkùnrin mi pé kó tún ọ̀nà júwe fún mi. Ẹnì kan wà lẹ́yìn mi tó ń ké "gbà á, gbà á" sí èṣù tàbí sí àrùn, n kò mọ̀, ọkùnrin mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ lódì kejì, ṣé mo rí ṣọ́ọ̀ṣì tí páànù rẹ̀ ń dán? Mo ní mo rí i. Ó ní ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni tiwọn.

Ohun tí òun náà kò mọ̀ ni pé páànù ti di méjì. Abúlé méjì ló wà lódì yẹn, wọn kò jìnnà síra, ọ̀kan nínú Àwọn Ọmọ ló dúró láàárín wọn. Abúlé tiwọn ló kọ́kọ́ fi páànù tuntun bo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará abúlé kejì wo bó ṣe ń dán lójú oòrùn, ara wọn kò gbà á. Àwọn náà wá irú rẹ̀ gan-an, wọ́n kàn án mọ́ orí tiwọn. Ọkùnrin mi kò tíì délé láti ìgbà náà. Láti ibi tí mo dúró sí, òkè tó wà láàárín ti bo abúlé tirẹ̀ mọ́ mi lójú pátápátá, páànù abúlé kejì nìkan ló ń ṣẹ́jú sí mi. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì lẹ́yìn àpáta, mo tẹ̀ lé èyí tó kọjú sí i. Ẹ má dá jọ́gíráfì lẹ́bi níbẹ̀ o.

Ní ilé tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo bá ìyá kan àti àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, wọ́n ń bẹ ẹ́ láti fi ṣe gaàrí. Mo kúnlẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ yín ló ní kí n wá kí yín."

Ìyá onígaàrí gbójú sókè. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé bàtà, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni." Mo rò pé oko ni wọ́n ń wí. Àṣé orí àpáta ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́ gbangba pé ó ti sú àwọn, pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí àwọn bí wà ní Ìbàdàn, ó ń dàgbà lọ, kò mú obìnrin kankan wálé; kí Olúwa jẹ́ kí àwọn fojú rí ìyàwó yìí kí àwọn tó yan gaàrí tọ̀sẹ̀ yìí tán. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, ìyàwó sì kúnlẹ̀.

Ta ló máa ń da ìbéèrè bo àdúrà tó gbà? Wọn kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọn kò bi mí pé ọmọ àwọn wo ni. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi, wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n gé e fún gbogbo àwọn tó jókòó, ó sì tán kí n tó gbé ife kúrò lẹ́nu. Èmi náà ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Ìyá tí wọ́n ní kò fẹ́ mi ni èyí? Ayé mà ń pa irọ́ mọ́ ènìyàn o. Mo tú gèlè, mo gba ọ̀bẹ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò fi fura. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ná. Wọ́n bi mí pé ṣé ara ọkọ mi le. Mo ní ara wọn le, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ yẹn, láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ni iṣẹ́ kò ti jẹ́ kó wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n bi mí pé ṣé ó ń jẹun dáadáa. Mo ní ẹ̀wà ni wọ́n fẹ́ràn jù, bí mo bá sè é, wọ́n á fẹ́ẹ̀ jẹ ìkòkò mọ́ ọn. Ni ìyá bá bú sẹ́kún. Wọ́n ní láti kékeré ni ọmọ yìí kì í ti í fẹ́ rí ẹ̀wà sójú, àwọn ti nà án títí, àwọn ti bẹ̀ ẹ́ títí, Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo fi sè é fún un. Mo ní kò sí nǹkan kan mà, àlùbọ́sà lásán ni. Orí mi wú bí ẹni tó gba ipò kìíní.

Mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má fi mí ṣeré. Mo bẹ ẹ̀gẹ́ títí ìka mi fi di funfun, gbogbo ọ̀dà èékánná mi sì bá èèpo lọ. Mo sẹ́ èyí tó ti gbẹ nínú àpò. Mo jókòó ti agbada, mo ń yan gaàrí, èéfín ń kó sí mi lójú, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú èéfín náà bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń yọjú wá wò mí, ìyá onígaàrí sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ọwọ́ mi. Gbogbo ara ń ro mí. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro bí n ó ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ha ọkùnrin mi létí lálẹ́: mo ti dé kí agogo tó dún, ìyá ẹ sì fẹ́ràn mi ju ìwọ lọ.

Oòrùn ti ń wọ ẹ̀gbẹ́ Yèyé nígbà tí ìyá pè mí wọ yàrá láti fún mi ní aṣọ kan. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri, ọkùnrin gígùn kan tó wọ aṣọ àwọn tó gboyè ní yunifásítì. Imú rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ gùn, táì tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò sì dé àyà rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ni. Mo béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ta nìyí, mà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ ọkọ ẹ mọ́ ni?"

Mo wo àwòrán náà, mo tún un wò. Ọkùnrin mi, bó bá na ọwọ́ sókè, kò lè kan èjìká ẹni yìí. Mo kúnlẹ̀ lójijì, mo sì ń sọ ọ́ nínú ẹkún pé ẹ má bínú mà, kì í ṣe ẹni yìí, oníṣẹ́ iná ni tèmi, ó kúrú, ó ń gbé Ìwó, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dán ló júwe fún mi. Ìyá onígaàrí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, omijé sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Ọlọ́run rán an lóòótọ́. Ilé ẹlòmíràn ló rán an sí."

Agogo dún lókè orí wa. Mo fò dìde. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, tiwọn nìyẹn, abúlé tiwọn kì í jẹ́ kí ti ọ̀hún ṣáájú. Mo wá ṣàlàyé fún wọn ohun tí ìyá ọkùnrin mi sọ nípa agogo, àti pé bí n bá pẹ́, ó parí. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹni tí ìyá náà jẹ́, wọ́n ju aṣọ ọwọ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkùnrin mi ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, ìyá onígaàrí sì ni olórí níhìn-ín. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ páànù ti dé, tí àwọn ọ̀hún ń sọ kiri pé àwọn ará ibí jí àwòṣe àwọn, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Ìyá onígaàrí dìde, wọ́n so ìró wọn le. Wọ́n ní kí n fọ ojú mi. Búrẹ́dì mi ti tán, n kò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo, ni wọ́n bá bu gaàrí gbígbóná tí mo yan kún abọ́ ńlá, wọ́n gbé e rù mí, a sì jáde.

Ọ̀nà náà yí òkè àárín ká, òkúta ló pọ̀ níbẹ̀. A kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí agogo kejì fi dún. Mo dúró. Mo ní wọ́n ti lù ú, mà. Gaàrí ń gbóná lórí mi, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń ro iná kíláàsì wa àti ẹni tó tún un ṣe. Ìyá onígaàrí kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn di apá mi mú, wọ́n sì ń fà mí lọ.

Ìyá ọkùnrin mi wà lójúde pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ojú wọn le. Wọ́n kúrú bí ọmọ wọn. Bí wọ́n ṣe rí ẹni tó mú mi wá, ojú náà tún le sí i. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, abọ́ kò jẹ́. Ìyá onígaàrí kí wọn, wọ́n dáhùn láìwo ojú.

Ìyá onígaàrí wá ní, "Ìyàwó tí ẹ ń retí nìyí. Ilé mi ló kọ́kọ́ yà, páànù ló jẹ̀bi. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ mi, òun ló yan gaàrí tó wà lórí ẹ̀ yìí, kò ráhùn. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ tètè sọ, kí n máa mú un padà. Mo ní ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn."

Ìyá ọkùnrin mi na ọwọ́ sínú abọ́, wọ́n bu gaàrí díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ń rún un. Wọ́n rún un títí mo fi rò pé òkúta ló wà níbẹ̀. Wọ́n wo èékánná mi tó ti di ti oníṣẹ́. Wọ́n wo ìyá onígaàrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìwé orin há abíyá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì sọ abọ́ náà kalẹ̀ lórí mi.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ pé a ò fẹ́ ẹ? Wọlé jàre, ìyàwó mi."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ìyá onígaàrí náà wọlé wá mu omi, wọ́n sì wọlé, omi kò sì tíì kúrò lọ́nà ọ̀fun tí àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí páànù tó nípọn jù. Ẹgbẹ́ akọrin kọrin ọjọ́ náà láìsí olórí obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì.

Mo ti di ìyàwó ilé yẹn, mo ti bímọ fún wọn, ìyá méjì ló sì máa ń gun òkè wá wẹ ọmọ fún mi ní Ìwó. Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa, ìyá onígaàrí jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ, wọ́n sì bá wọn dá sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwọn tó wà ní Ìbàdàn kò tíì mú ẹnì kankan wálé. Nígbà tí mo wá kí wọn lọ́jọ́ kan, tí mo lọ pe ọkọ mi lórí àpáta, mo gbọ́ ohùn ìyá onígaàrí lẹ́yìn mi níbi tí wọ́n ti kúnlẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, pé èyí tó bá tún ń bọ̀, kó jọ̀ọ́ kó fi ọ̀nà hàn án dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dá, àánú wọn sì ṣe mí.

Nígbà tí wọ́n kun ilé ẹ̀kọ́ wa tán, mo tọrọ ìyókù ọ̀dà funfun, mo gbé e gun òkè. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, mo ya ọfà ńlá kan sára òkúta, ó kọjú sí ilé ìyá onígaàrí. Àwọn tó ń lọ sílé ọkọ mi mọ ọ̀nà. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ewúrẹ́ nìkan ni mo tíì rí tó tẹ̀ lé e. Òjò sì ti ń pa á rẹ́, ní Sátidé mò ń lọ tún un kùn.